Igẹ̀ Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Akínwándé Yan Kó Tó Gbé e Fún Bàbá

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má kàn fojú fo ìtàn yìí kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ kà á parí ná, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń pa ẹran, tí ẹ ń tà á.

1.
Ọdẹ ni Akínwándé ní Àtàn-Ọ̀tà. Bí ó bá ti ṣíwọ́ ní ilé iṣẹ́ ike tí ó wà ní Agbara, ìbọn ni yóò gbé kọ́ èjìká. Bàbá Oyèwọlé, olórí àwọn ọdẹ, ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Bàbá ti darúgbó, gbogbo ọdẹ sì mọ̀ pé Akínwándé ni yóò gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí òun náà ń lé nìyẹn. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé òun lọ sígbó, òun padà lọ́wọ́ òfo.

Àṣà kan wà láàárín wọn. Ẹran yòówù tí ọdẹ bá pa, igẹ̀ rẹ̀, ti olórí ọdẹ ni. Tútù ni wọ́n ń gbé e lọ, pẹ̀lú awọ àti ọ̀rá rẹ̀. Bàbá á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, á gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ní "Ó dára," ọdẹ lè ta ìyókù. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò gbẹ́ ilẹ̀ sin gbogbo rẹ̀.

2.
Àbàtà kan wà lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó wà lójú ọ̀nà Ìdíròkò. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó sá kúrò ní oko ọlọ́sìn kan tó kógbá sílé ti di ẹran igbó níbẹ̀. Irun wọn le bí ìgbálẹ̀, eyín wọn yọ síta, ó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ tí Akínwándé pa akọ kan nínú wọn, orí ọ̀kadà ló gbé e sí. Àwọn ènìyàn dúró ń wò ó, orí Akínwándé sì wú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó la inú ẹran náà, ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rá rẹ̀ kò funfun. Búlúù ni, bí èyí tí a fi ń ṣan aṣọ funfun.

Ìyàwó rẹ̀, Ọláníkẹ́, gbé abọ́ dé, ó sì fà sẹ́yìn.

"Bàbá Ìmísí, kí nìyí? Ṣé ẹran yìí mu ọ̀dà ni?"

"Ọ̀rá lásán ni. A ó gé e dànù. Ṣé o ò rí ẹran inú rẹ̀ bó ṣe pọ́n?"

"Ẹ gbé igẹ̀ rẹ̀ lọ fún Bàbá báyìí, kí wọ́n wò ó."

"Kí wọ́n wò ó, kí wọ́n ní kí n lọ sin ín? Lẹ́yìn tí gbogbo Àtàn ti rí mi? Dásọ́lá tó ń ta ọtí ní Sàǹgó ti ń retí ẹran. Jọ̀ọ́, bá mi wá igi ìdáná."

Ó bó awọ igẹ̀ náà, ó ha ọ̀rá rẹ̀ kúrò, ó yan án títí ó fi gbẹ. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó fi odindi ẹ̀dọ̀ kún un láti fi tu Bàbá lójú.

3.
"Yíyan kẹ̀?" ni Bàbá Oyèwọlé wí. "Akin, ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàámi, oòrùn mú, mi ò fẹ́ kí eṣinṣin bà á jẹ́. Mo sì ro ti eyín yín."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Eyín wo? Àwọn tó kù yìí kì í kí ara wọn mọ́."

Ká ní ẹlòmíràn ló gbé igẹ̀ yíyan wá, Bàbá ì bá dá a padà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó tọ́ ni. Ó ní, "Ó dára." Ó sì ní kí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ náà sebẹ̀ fún òun. Akínwándé kó ìyókù ẹran lọ fún Dásọ́lá.

Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní èrìgì Bàbá, lẹ́yìn náà ní imú. Àwọn ọdẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀tà.

"Ẹ̀jẹ̀ wọn ò dì mọ́," ni dókítà wí. "Bí oògùn eku ṣe máa ń ṣe ènìyàn nìyí. Kí ni wọ́n jẹ?"

Akínwándé wo àwọn ọdẹ tó dúró yí i ká. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ipò náà ti lọ.

"Oúnjẹ ilé lásán ni, dókítà."

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, dókítà fi ti oògùn eku sílẹ̀, ó ń wá àìsàn mìíràn kiri.

Nígbà tí Ọláníkẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ oògùn eku náà ní ọjọ́ kejì, ó kọ́kọ́ sáré lọ kó ẹran náà kúrò nínú fìríìsà Dásọ́lá. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìwòsàn, ó sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn: "Ọ̀rá ẹran tí Bàbá jẹ, búlúù ni. Ọkọ mi mọ̀."

Dókítà dìde. "Búlúù ni wọ́n ń pa oògùn eku inú ilé ìkẹ́rùsí láró, kí ènìyàn má baà ṣì í jẹ. Ẹran tó bá jẹ ẹ́, inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kó sí. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà. Ká ní mo gbọ́ lánàá..."

Wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ti ya wọ orí Bàbá. Ó kú kí oòrùn tó wọ̀.

4.
Àwọn ọdẹ kò na Akínwándé, wọn kò bú u. Ṣọládé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọdẹ, ni wọ́n fi jẹ olórí.

Nígbà tó yá, Akínwándé pa ẹtu kan. Ó gbé igẹ̀ rẹ̀ lọ ní tútù, pẹ̀lú awọ àti ọ̀rá rẹ̀. Ṣọládé kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Ọ̀rá rẹ̀ funfun."

"Mo rí i. Ẹran yìí kò ní àbùkù. Ìwọ ni mi ò lè yẹ̀ wò. Gbé e padà."

Akínwándé gbé e padà. Òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó sì sin odindi ẹtu tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á débí, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi. Bí ẹran bá yàtọ̀ sí bí a ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ sin ín, ẹ má tà á, ẹ má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ẹ má ṣe fi ẹ̀tàn kọjá lójú ẹni tí a fi ṣọ́nà, nítorí ẹ̀mí ẹlòmíràn ló ń ṣọ́. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, tí wọ́n wá bi yín, ẹ sọ òótọ́ lójú ẹsẹ̀, bí ipò tilẹ̀ máa bọ́ lọ́wọ́ yín. Akínwándé dákẹ́ nítorí ipò. Ipò náà lọ, Bàbá tó fẹ́ fi í lé e lọ́wọ́ sì lọ.