Àwọ̀ Ẹnu Odò

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìjọba yóò fi òǹtẹ̀ lu àwòrán tó ń fi àwọ̀ sọ ipò omi, Mosúnmọ́lá àti bàbá rẹ̀ tó jẹ́ apẹja wa ọkọ̀ lọ sí ẹnu odò, níbi tí omi dídùn ti ń pàdé òkun. Iṣẹ́ Mosúnmọ́lá ni láti sọ ẹ̀rọ agbóhùn sínú omi. Ohun tí ẹ̀rọ náà bá gbọ́ nísàlẹ̀ ló ń kun àwòrán náà lójú fóònù rẹ̀: pupa fún omi tó ti kú, àwọ̀ ewé fún ibi tí nǹkan ti ń bímọ. Ibi tó bá ṣì pupa lọ́sàn-án ọjọ́ náà yóò di ti àwọn akóyanrìn.

Igun àwọn igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò wọn wà nínú omi, ti pupa kí wọ́n tó bí Mosúnmọ́lá.

Ó sọ ẹ̀rọ sódò níbẹ̀. Ẹ̀rọ kò kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan, lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà bí àgbàdo nínú epo gbígbóná.

"Bàbá, ẹ gbọ́! Edé ni! Edé ti padà!"

Lójú wọn, pupa igun náà di àwọ̀ ewé lórí fóònù. Mosúnmọ́lá fò sókè, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Ìgbà náà ló rántí àwọ̀n bàbá rẹ̀ tó wà ní igun yẹn gan-an. Òfin ò gba àwọ̀n láyè níbi aláwọ̀ ewé.

"Bàbá, ẹ má bínú."

Bàbá ti ń fa àwọ̀n sókè, ó ń gbọn edé inú rẹ̀ padà sómi, ẹ̀rín sì ń pa á.

"Ta ní í dẹ pàkúté sí yàrá ìkókó? Gbé àjẹ̀, ọmọ mi, ká kúrò fún wọn."