Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Àmínù

Nọ́ọ̀sì Salmah to oògùn ẹ̀jẹ̀ náà sórí tábìlì, ó sì sọ bí wọn yóò ṣe máa lò ó. Ọ̀kan láràárọ̀, kí oúnjẹ tó wọnú, kí bàbá fi omi ọsàn gbé e mì. Tíì àti mílíìkì gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní wákàtí méjì. Kí wọ́n gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní tó o, nítorí pupa rẹ̀ jọ súìtì. Kifayat, àbígbẹ̀yìn bàbá, ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ti ń ṣe níbi iṣẹ́ ìjọba rẹ̀.

"Ìgbẹ́ wọn máa dúdú," nọ́ọ̀sì sọ fún un. "Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, oògùn ni. Ẹni tí kò lo oògùn yìí tí tirẹ̀ bá dúdú, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà níkùn rẹ̀, kó tètè sáré wá. Ti bàbá kọ́ nìyẹn."

Bàbá Àmínù ń wo oògùn náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, kóòtù tí wọ́n fún un níbẹ̀ ló sì ń wọ̀ láràárọ̀ nítorí ọyẹ́. Ó bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ní irin ni.

"Irin tí mo fi ọgbọ̀n ọdún tẹ̀ mọ́lẹ̀," ó ní, "ẹ wá ní kí n máa jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín pa nọ́ọ̀sì. Kifayat kò rẹ́rìn-ín. Àtẹ́lẹwọ́ bàbá ti funfun, dókítà sì ti ní bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá gòkè láàárín oṣù méjì, ọ̀rọ̀ náà yóò le.

Ní ilé wọn ní Ìgbọ̀nà, ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá fi bá a jà. Ó ní oògùn náà ń rùn lẹ́nu òun, ó sì ń lọ́ òun nínú. Ní ọjọ́ kẹrin, Kifayat kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má fi mí sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lò ó."

Bàbá wò ó pẹ́. Ó gba oògùn, ó jù ú sẹ́nu, ó mu omi ọsàn náà tán. Ó yọ aṣọ ìnujú nínú àpò kóòtù, ó nu ẹnu, ó sì dá a padà sápò.

"Ó ti lọ," ó ní.

Láti ọjọ́ náà, ìjà parí. Àràárọ̀ ni ó ń gbà á, tí ó ń nu ẹnu. Oògùn orúnkún rẹ̀, tí ó ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, bàbá kì í tilẹ̀ bèèrè omi sí i. Á jù ú sẹ́nu lásán, ó parí. Tíì àfẹ̀mọ́júmọ́ nìkan ló bẹ̀bẹ̀ fún. Kifayat kò gbà.

Bó bá ń fọ aṣọ ìnujú bàbá, á rí àbààwọ́n pupa lára rẹ̀. Ó rò pé obì tí bàbá ń jẹ ni, ó fi ọṣẹ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìgbẹ́ bàbá dúdú bí ọ̀dà. Kifayat pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Abdullateef, ní Iléṣà, ó sọ ọ́ fún un, ó ní oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Abdullateef dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àárẹ̀ ń mú bàbá sí i, ṣùgbọ́n Kifayat ní ẹ̀jẹ̀ kì í padà lọ́jọ́ kan.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bàbá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, dókítà bèèrè bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ ń dúdú. Kifayat ní bẹ́ẹ̀ ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ ni, ọwọ́ òun ni bàbá ti ń gbà á. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n tó rí ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà sí i lára, ó ti kú. Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kifayat kò sunkún. Àwọn èèyàn ń kí i pé ó ṣe ojúṣe ọmọ, ó ń dá wọn lóhùn. Ohun kan ṣoṣo tó dì mú ni pé òun kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n kó aṣọ bàbá jáde láti fi ṣe sàárà. Abdullateef ní kí kóòtù lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń pọn omi àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí. Kifayat ti ọwọ́ bọ àpò rẹ̀ láti yọ aṣọ ìnujú. Oògùn pupa ló kó jáde, ẹ̀kúnwọ́ kan, lẹ́yìn náà òmíràn, wọ́n ti gbẹ mọ́ ara wọn, gbogbo èyí tó ń fún bàbá láti ọjọ́ kẹrin.

Abdullateef wò wọ́n, ó wo àbúrò rẹ̀, ó ní, "Kí ló wá ń mú ìgbẹ́ bàbá dúdú?"