Ọ̀rọ̀ Látìnì fún Òkúta Ibojì

Obìnrin agbẹ́kùúta ti gbé òòlù rẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n tíṣà àgbà kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

"*Ferrea* ni kí o kọ sí ibojì ìyàwó mi. Èdè Látìnì ni. Ara *ferrum*, ìyẹn irin, ni wọ́n ti mú un: ohun tí wọ́n fi irin ṣe. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ni, *ferreus* là bá kọ. Ogójì ọdún ló fi gbé ilé mi ró, kò tẹ̀ rí."

"Ẹnu yín dùn, Tíṣà. Orúkọ wọn ńkọ́?"

"Ìyá Àwọn Ọmọ."

"Èyí tí bàbá wọn sọ wọ́n ni mò ń béèrè."

Tíṣà yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má wò mí, Dádì. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọn."