Morádékẹ́ àti Lẹ́tà Mẹ́rin

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó dáadáa kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin kan ní ilé-ìwé tó wà lẹ́bàá òkè ní Òkè-Ìlá. Morádékẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ pé, ó mọ̀wé, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dùn ún wò. Àmọ́ ó ní àléébù kan: kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lójú tirẹ̀, òpè ló ń béèrè. Bí kò bá mọ nǹkan, yóò kúkú méfò ju kó la ẹnu sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n lọ.

Àwẹ̀ró ló ń jókòó tì í ní kíláàsì. Àwẹ̀ró kò mọ̀wé tó Morádékẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹyẹ bá fò kọjá, á béèrè orúkọ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ lápá kan ìlú, tí kò rọ̀ lápá kejì, á béèrè ìdí. Ìyẹn ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní "Kí-nìyẹn".

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, tíṣà wọn, Àǹtí Oyèwùmí, kọ lẹ́tà mẹ́rin sára pátákó: O, U, G, H. Ó ní, "Ẹ lọ wá àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí lẹ́tà wọ̀nyí tẹ̀ léra nínú wọn. Lọ́jọ́ Ajé, níwájú àwọn òbí yín, ẹ óò kọ wọ́n síbí, ẹ óò sì pè wọ́n jáde. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ni yóò ṣojú ilé-ìwé wa nínú ìdíje n'Íbàdàn."

Morádékẹ́ kò dé Ìbàdàn rí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ń lọ Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ti ṣa aṣọ tí yóò wọ̀ sọ́tọ̀.

Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ó rí "cough", èyí tó mọ̀ dáadáa: ikọ́ ni, "kọ́ọ̀fù" ni wọ́n sì ń pè é. Ó rí "dough", ìyẹ̀fun tí wọ́n pò láti fi ṣe búrẹ́dì. Ó rí "plough", ohun tí wọ́n fi ń túlẹ̀ oko. Ó rí "borough", ìlú tó ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, ó sì rí "hiccough". Ṣe ló dà bí ẹni tó ń wá olú lẹ́yìn òjò: bó ti ń tu ọ̀kan ló ń rí òmíràn. Lójijì ó dúró. Báwo ni wọ́n ṣe ń pe "dough" ná? Ó wò ó títí. Ọkàn rẹ̀ ní kó béèrè, àmọ́ kò dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró wá bá a. "Morádékẹ́, ṣé bákan náà ni wọ́n ń pe gbogbo wọn? Ó ń ṣe mí bíi pé wọn ò jọra."

Morádékẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Kí-nìyẹn! Lẹ́tà kan náà, ohùn kan náà. Kí ló le níbẹ̀?"

Èsì yìí kò tẹ́ Àwẹ̀ró lọ́rùn. Láti ojú fèrèsé, Morádékẹ́ rí i tó yà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, tó ń sá aṣọ lọ́wọ́. Ó gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín: "Ọmọ yìí, ìbéèrè rẹ le o! Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, n ò mọ̀. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é, màá sọ fún ọ." Morádékẹ́ nà gàgà kó lè gbọ́ ìyókù. Ó wù ú kó jáde. Ṣùgbọ́n kí ni aráyé á wí? Ó pa fèrèsé dé.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ Morádékẹ́ kún pátákó. Bàbá rẹ̀ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó jókòó tì í: "Ọmọ mi nìyẹn!"

"Ó yá, pè wọ́n," ni Àǹtí Oyèwùmí wí.

"Kọ́ọ̀fù. Dọ́ọ̀fù. Púlọ́ọ̀fù. Bọ́rọ́ọ̀fù..."

Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn. Bàbá rẹ̀, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó wo ojú àwọn èèyàn, ó rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí itan. Ìyẹn ló dun Morádékẹ́ ju ẹ̀rín lọ.

Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró rí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó pè wọ́n re, títí dórí "through": "Kọ́ọ̀fù. Dóò. Púláò. Tírúù." Ẹnu ya àwọn òbí pé lẹ́tà mẹ́rin péré lè yí ohùn padà tó báyìí. Àwẹ̀ró ni wọ́n mú lọ sí Ìbàdàn.

Nígbà tí àwọn èèyàn túká, Morádékẹ́ ṣì ń wo pátákó. "Hiccough" ló kù níbẹ̀, èyí tí kò tíì pè tí ẹ̀rín fi sọ. Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀. "Àwẹ̀ró, jọ̀wọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń pe èyí?"

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Jẹ́ ká béèrè."

Àǹtí Oyèwùmí wò ó, ó mi orí. "Òsúkè ló túmọ̀ sí, àmọ́ pípè rẹ̀ kò dá mi lójú. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì."

Morádékẹ́ fúnra rẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn. "Híkọ̀pù," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Híkọ̀pù kẹ̀? Ta ló wá gbé P síbẹ̀, mà?" ni Morádékẹ́ béèrè. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà ni Morádékẹ́ ti ń béèrè ohun tí kò bá yé e.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìbéèrè kì í sọ ọlọ́gbọ́n di òpè. Ìgbéraga tí kì í jẹ́ ká béèrè ló ń dójú tini. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.