Orin Inú Lífìtì

Lífìtì náà dúró gbagidi láàárín àjà kẹfà àti ìkarùn-ún, ní àdúgbò Marzahn, lókè òkun. Akọrin kan tó wà nínú rẹ̀ tún tẹ bọ́tìnnì ìrànlọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé e lọ ṣe ìdánwò orin ní Altona kò ní í dúró dè é, òní nìkan sì ni ìdánwò náà.

“Wọ́n ní ẹni tó máa tún un ṣe ti ń bọ̀,” ló wí.

Màmá Fadékẹ́mi, aládùúgbò rẹ̀, di apá rẹ̀ mú. “Àyà mi ń já, ọmọ mi. Ṣe nǹkan kan.”

Orin nìkan ló mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ orin ìdánwò rẹ̀, ewì Faransé kan tí wọ́n sọ di orin láyé àtijọ́, níbi tí ọkùnrin kan ti ń bẹ olólùfẹ́ rẹ̀ kó ṣílẹ̀kùn fún òun. Ó dijú. Olùkọ́ rẹ̀ ti bá a wí títí lórí ojú dídì yìí, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn nìyẹn. Ó kọ ọ́ tán, ó tún un kọ, títí ọwọ́ màmá fi dẹ̀ lápá rẹ̀.

Nígbà tó lajú, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó tún un ṣe ti lọ. Ó wo fóònù. Ọkọ̀ Altona náà ti lọ.

“Màmá, ẹ ò sọ fún mi?”

“Ò ń fi èdè àjèjì gbàdúrà, kí n wá já a gbà mọ́ ẹ lẹ́nu?” Màmá gbé báàgì rẹ̀. “Àmín ni mò ń ṣe. Bí o ṣe bẹ Ọlọ́run tó yẹn, ilẹ̀kùn ò ní í ṣàì ṣí fún ẹ.”