Bọ́ọ̀lù Tó Kọjá Fẹ́ǹsì

Ọ̀bẹ tí Bàbá Olútáyọ̀ fi ń la bọ́ọ̀lù kò tóbi. Ọ̀bẹ tí èèyàn fi ń bó ọsàn lásán ni. Bí bọ́ọ̀lù bá ti fò kọjá orí òpó gọ́ọ̀lù, tó já sínú ọgbà rẹ̀, ohùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì.

"Ta ló gbá a?"

Bí wọ́n dáhùn, bí wọn ò dáhùn, kì í pẹ́ tí bọ́ọ̀lù náà á fi fò padà wá. Gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ti tán.

Pápá náà wà ní Ayọ̀bọ̀, lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ tí Fàdìlàt ti ń kàwé. Kóòṣì Báyọ̀, tíṣà eré ìdárayá wọn, ló dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin sílẹ̀ níbẹ̀, fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà àti ọmọ àdúgbò tó bá fẹ́. Fàdìlàt ni balógun wọn. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí bàbá náà là, tirẹ̀ ni. Abdulganiyy, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló rà á fún un kó tó wọ iṣẹ́ sójà lọ. Fàdìlàt kò sunkún. Ó gbé awọ bọ́ọ̀lù náà relé, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì búra pé lọ́jọ́ tí àwọn bá gba ife, òun á fọ́ fèrèsé bàbá yẹn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

"Kóòṣì, ẹ jẹ́ ká gbé òpó yìí lọ sí apá ibòmíì," Hamdalah, aṣọ́lé wọn, sọ lọ́jọ́ kan.

"Ibi tó wà yẹn dáa."

"Ẹ lọ bẹ bàbá yẹn nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Kí n máa bẹ̀ ẹ́ títí di ìgbà wo? Ẹ má gbá a sókè mọ́, ṣebí ó tán."

Kóòṣì kò lọ bẹ̀ ẹ́ rí. Kò sì fajú ro. Nígbà tí wọ́n bá fi máa pàdé fún ìdánrawò mìíràn, á ti mú bọ́ọ̀lù tuntun dé, pẹ̀lú àmì ọ̀dà aláwọ̀ ewé kékeré lára rẹ̀ kí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn má baà jí i. Bẹ́ẹ̀, nílé-ẹ̀kọ́ yẹn, ṣọ́ọ̀kì gan-an máa ń wọ́n.

Nígbà kan, Hamdalah ju bọ́ọ̀lù láti jìnnà, ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì já sínú ọgbà. Ó padà wá láìlábùkù.

"Bàbá yẹn ti sùn lọ ni jàre," Hamdalah wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Àtọ́kẹ́, ìyá Fàdìlàt, mọ díẹ̀ nípa bàbá náà. "Wọ́n ní tíṣà ni tẹ́lẹ̀," ó sọ fún ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń di irun fún un. "Iléèwé kan ló lé e bí ẹni lé ajá. Kò rí wọn mú, ẹ̀yin ló wá rí."

"Èmi náà á rí i mú."

"Fàdìlàt!"

"Mo ti gbọ́, mà."

Ìbínú náà wúlò fún un. Kó tó gbá bọ́ọ̀lù, á gbé orí bàbá yẹn kalẹ̀ lọ́kàn, ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ òpó, orí náà ni á sì gbá a mọ́. Àwọn yòókù kọ́ ọ lára rẹ̀. Nígbà tí òjò fi máa dáwọ́ dúró, bọ́ọ̀lù kì í fò kọjá mọ́. Wọ́n kàn máa ń gbọ́ tí bàbá ń wúkọ́ lẹ́yìn fẹ́ǹsì ni, láìrí nǹkan là.

"Ebi bọ́ọ̀lù ń pa á," Fàdìlàt wí. Inú rẹ̀ dùn gidi.

Ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ àdúgbò dé. Àwọn tí wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá ni ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olówó kan láti Gowon Estate, tí wọ́n ti ń gba ife náà bọ̀ lọ́dọọdún. Ẹ̀wù pupa ni wọ́n wọ̀, pẹ̀lú àmì idì láyà. Ẹnikẹ́ni kò jẹ gọ́ọ̀lù, ó di pẹ́náritì. Mẹ́ta nínú àwọn ẹlẹ́wù pupa gbá tiwọn sójú ọ̀run. Gbogbo ti àwọn ọmọ Ayọ̀bọ̀ ń fara gbolẹ̀ lọ. Nígbà tó kan Fàdìlàt, ó wo kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, ó rí orí bàbá yẹn níbẹ̀ kedere, ó sì gbá a.

Kóòṣì Báyọ̀ gba ife lọ́wọ́ wọn. "Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn," ó wí, ó sì kó sínú kẹ̀kẹ́ Maruwa.

Nígbà tí àwọn ọmọ padà dé Ayọ̀bọ̀, Fàdìlàt kò yà sílé. Ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níwájú òpó.

"A ti borí ṣá," Hamdalah wí. "Fi bàbá arúgbó sílẹ̀."

"Kò tíì tó."

Ó ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ bọ́ọ̀lù náà. Bọ́ọ̀lù fò kọjá òpó, ó fò kọjá fẹ́ǹsì, gíláàsì sì fọ́ yángá. Fàdìlàt dúró kí ohùn bàbá yẹn jáde. Kò jáde. Ó rìn lọ sí géètì aláwọ̀ ewé bàbá náà, ó bá a ní ṣíṣí, ó wọlé pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń tọ́jú pa mọ́ fún un.

Ife wọn wà lórí tábìlì láàárín àfọ́kù gíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ ọsàn, agolo ọ̀dà aláwọ̀ ewé àti bọ́ọ̀lù tuntun mẹ́rin tí a kò tíì já ọ̀rá wọn, Kóòṣì Báyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bàbá náà sì jókòó níwájú rẹ̀ nínú ẹ̀wù pupa kan tó ti ṣá, tí àmì idì wà láyà rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Báyọ̀, tún un sọ kí n gbọ́: mẹ́ta nínú tiwọn ló gbá a sókè?"