Ọkọ̀ Ẹlẹ́ja

Ọkọ̀ mẹ́ta ni Kàmál tò síwájú Àdíját láàárọ̀ Sátidé, nínú ọgbà tó ti ń ta tòkúnbọ̀ ní Òkè Baálẹ̀. Dúdú gígùn kan wà níbẹ̀ tó ń dán yinrin, pupa kan wà, jíìpù kékeré aláwọ̀ eérú kan sì wà tí àga inú rẹ̀ jẹ́ awọ funfun láti iwájú dé ẹ̀yìn. Humairah, àbúrò Àdíját, ló bá a gbé báàgì dání. Fóònù dún nínú báàgì náà. Bọ̀wálé ni, ọkùnrin tó máa ń bá a wá òṣìṣẹ́.

"Ṣé ó ti gbà?" Àdíját bèèrè. "Ó dáa. Má dárúkọ mi fún un o. Ìyá ẹlẹ́ja ni kó o sọ. Kó dé lọ́jọ́ Ajé."

Ó dá fóònù padà.

"Kí lẹ fẹ́ máa fi ọkọ̀ ṣe, mà?" ni Kàmál wí.

"Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni. Òṣogbo sí Òṣú, àlọ àtàbọ̀."

Òṣú yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí Àdíját ṣì wà nílé ọkọ ní Iléṣà, tó ń ta ẹja dídì nínú abọ́, Adéjọbí ọkọ rẹ̀ gbé e lọ́jọ́ kan pé kí òun já a sí Ifẹ̀. Ọ̀gá ni Adéjọbí níbi iṣẹ́ nígbà náà, ó sì ní ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan tí kì í fẹ́ kí eṣinṣin bà lé. Ó fẹ́ràn ọ̀wọ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ṣèèṣì sọ "o" sí i dípò "ẹ," ilé á gbóná. Wọ́n dé Òṣú, òjò ń rọ̀, ló bá di imú. Ó ní òórùn ẹja rẹ̀ ń ba àga òun jẹ́. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

"Bọ́ọ́lẹ̀," ló wí.

Àdíját bọ́ọ́lẹ̀ sínú òjò. Nígbà tó fi padà dé ilé, ẹrù rẹ̀ ti wà níta.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé láé. Nígbà tí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà fún Àdíját, ibi tó ti bọ́ọ́lẹ̀ yẹn náà ló ra ilẹ̀ sí, ibẹ̀ ló sì kọ́ ilé ẹja dídì rẹ̀ sí. Àwọn èèyàn ní ọjà kò ní tà níbẹ̀. Ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà. Inú ṣì ń bí i, ìbínú náà sì dùn mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, dúdú yìí ni kẹ́ ẹ mú," ni Humairah wí. "Ẹ sáà ti gbé e kọjá níwájú ilé Adéjọbí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ó ti ta tiẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rin Iléṣà báyìí. Ẹ jẹ́ kó rí yín kó kú."

"Ẹ̀ẹ̀kan kò lè tó mi. Ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ kó máa rí mi."

Kàmál ṣí ilẹ̀kùn iwájú jíìpù pé kó wá jókòó ti ọwọ́ ọkọ̀. Àdíját kọjá lára rẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn, ó jókòó sí igun ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Fa àga iwájú yẹn sẹ́yìn díẹ̀," ló wí. "Ẹni tó máa wà á ga. Dígí òkè yẹn ńkọ́? Ṣé ẹni tó wà níwájú á máa rí ojú mi?"

"Kedere, mà." Kàmál rẹ́rìn-ín. "Háà! Ọkọ̀ tuntun, ọkọ tuntun!"

"Ọkọ̀ nìkan ló tuntun."

Kàmál ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Olóòótọ́ èèyàn ni. "Mà, bó bá jẹ́ ẹja lẹ máa gbé, ẹ mú dúdú. Bùùtù tiẹ̀ dá dúró. Ti jíìpù, ibi ẹrù àti ibi èèyàn, yàrá kan náà ni. Òórùn á gba orí àga kọjá."

"Á dé iwájú?"

"Á dé iwájú, mà. Ẹni tó ń wà á ló máa jẹ̀yà jù."

"Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Èmi, ó ti mọ́ mi lára."

Àdíját sanwó jíìpù.

Lọ́jọ́ Ajé, dẹ́rẹ́bà tí Bọ̀wálé rán wá dé ẹnu géètì, ó rí ìyá ẹlẹ́ja, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ padà. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́. Páálí ẹja ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀, yìnyín ń yọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n tó dé Iléṣà, ó fẹ́ yí fèrèsé sílẹ̀. Àdíját ní kó tì í. Títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ń lọ, kò gbójú sókè wo dígí.

Ní Òṣú, níwájú ilé ẹja dídì, dẹ́rẹ́bà náà sáré yí wá, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó tẹ orí ba, òun Adéjọbí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó ti sọ níbẹ̀ rí: "Ẹ bọ́ọ́lẹ̀, mà."